Bí a ṣe lè rí kọ̀ǹpútà àti ohun èlò rẹ̀ rà lówó pọ́ọ́kú láìkó sọ́wọ́ oníjìbìtì

Àríkẹ́_Atẹ̀wé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí n tó náwó mi. Iṣẹ́ títẹ ìwé àti ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti darúgbó. Bátìrì rẹ̀ kì í lò tó wákàtí kan mọ́, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé òun ò lè gba Windows 11. Mo fẹ́ ra laptop, mọ́nítọ̀ kan tí n óò máa so mọ́ ọn, àti díìskì àgbéká tí n óò máa kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi pamọ́ sí.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo ibi tí mo bá yà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pariwo ẹ̀dínwó. Òmíràn á ní òun ti yọ ìdá 70 nínú 100 kúrò, aago á sì máa kà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọjà fẹ́ tú. Tí mo bá padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, aago náà á tún ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹ̀dínwó tòótọ́ yàtọ̀ sí ti ẹnu lásán?

Laptop àlòkù méjì ni mo ń wò báyìí, iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ Core i7 ìran keje (ìyẹn orúkọ prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 16GB. Èkejì jẹ́ Core i5 ìran kẹjọ, RAM rẹ̀ 8GB. Ọkàn mi ń fà sí i7. Owó ọwọ́ mi ò lè ra ọjà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dákun.

SùúrùLérè

Ẹ má rà á báyìí. Ẹ dúró di Black Friday, ìparí oṣù Kọkànlá. Gbogbo nǹkan ló máa ń wálẹ̀ nígbà yẹn, ẹ óò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ

Ẹ ǹ lẹ́ o, àǹtí Àríkẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bọ́ sí kòtò.

Iye tí wọ́n fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ yẹn, ẹ má kà á sí rárá. Olùtajà ló kọ ọ́ síbẹ̀, ohun tó bá wù ú ló lè kọ. Àwọn kan á bu owó lé ọjà lọ́sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, wọ́n á wá dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á pè é ní ẹ̀dínwó. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ìtàn iye owó: èló ni wọ́n ń ta ọjà yìí gan-an lóṣù tó kọjá, èló ni lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èló ló kéré jù tó tíì dé rí. Fún ọjà orí Amazon, Keepa àti CamelCamelCamel ń ya àwòrán ìtàn yìí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà bíi RAM, SSD (díìskì ìpamọ́ tó yára) àti mọ́nítọ̀, PCPartPicker ń kó iye àwọn ilé ìtajà oríṣiríṣi jọ sójú kan, òun náà sì ní àwòrán ìtàn tirẹ̀. Ẹ lè kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ san sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọjà bá ti já dé ibẹ̀, wọ́n á fi í-meèlì ta yín lólobó.

Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ti dá sí i. Láti oṣù Karùn-ún 2022, olùtajà tó bá kéde ẹ̀dínwó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye tó kéré jù tó ti ta ọjà náà láàárín 30 ọjọ́ tó ṣáájú hàn. Ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò bá sí níbi tó wà, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwádìí náà.

Ẹ tún ṣọ́ nọ́ńbà àwòṣe, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Laptop méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà lórí ìpolówó, kí súkíríìnì ọ̀kan mọ́lẹ̀ kedere, kí ti èkejì ṣú bàìbàì, kí SSD inú wọn má sì dọ́gba. Bí ẹ bá fi orúkọ lásán ṣe ìfiwéra, ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń fi wéra yẹn.

Ti aago, ẹ yé wò ó.

Ìyá_Tóbi

Àríkẹ́ ọmọ mi, má tẹ̀lé ẹni tó ní kó o dúró de Black Friday. Ìmọ̀ràn yẹn dáa láyé àtijọ́. Láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń fò sókè, tí owó SSD náà sì ń tẹ̀ lé e, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe chip ìrántí ti yíjú sí àwọn ibùdó kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ fún AI. Nínú oṣù Kejìlá 2025 ni Micron kéde pé òun máa kógbá Crucial wọlé, Crucial tí gbogbo wa ti ń ra RAM àti SSD rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó dúró de oṣù Kọkànlá ọdún náà kó lè ra RAM lówó pọ́ọ́kú, ọ̀wọ́n ló bá pàdé.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí RAM ti pọ̀ nínú rẹ̀ lóní ni kó o mú. Tèmi ni pé kó o gbé i7 tó ní 16GB yẹn.

SùúrùLérè

Ìyá wa, ẹ kú àfojúsùn. Ṣùgbọ́n RAM nìkan kọ́ ló wà lọ́jà. Àǹtí ní òun fẹ́ ra mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀, kíìbọ́ọ̀dù, mọ́ọ̀sì, agbọ́hùnsétí, àwọn wọ̀nyí ṣì máa ń já dáadáa ní oṣù Kọkànlá. Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi.

Wáyà_Ò_Parọ́

Ẹ má gbé i7 yẹn o! Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà "i" yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín bí ẹ ò bá mọ ìran rẹ̀. Ẹ wo àmì gígùn ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ i7-7500U, core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀) 2 péré ló ní, thread (iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà) 4. i5-8250U ní core 4, thread 8. Ẹ rí i pé ìlọ́po méjì ni i5 yẹn ní, iná tí wọ́n ń jẹ kò sì yàtọ̀, wáàtì 15 ni Intel kọ fún àwọn méjèèjì. Orúkọ i7 ni wọ́n ń tà fún yín.

Ohun tó burú jùyẹn lọ ni pé Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (chip ààbò kan) àti prósẹ́sọ̀ Intel láti ìran kẹjọ sókè, tàbí AMD láti Ryzen 2000 sókè. Ìran keje kò sí lórí àkọsílẹ̀ wọn. Ṣé ẹ ti wá mọ ìdí tí i7 ìran kẹfà àti ìkeje fi kún ọjà báyìí tí wọ́n ń tà wọ́n ní gbà-ń-jo? Ẹ̀rọ yín tó darúgbó yẹn gan-an lẹ fẹ́ tún lọ rà.

Ti RAM tí Ìyá wa sọ, òótọ́ ni wọ́n sọ, ó ti wọ́n. Ṣùgbọ́n a lè fi RAM kún ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí lẹ́yìnwá ọ̀la. Ẹnìkan kì í yọ prósẹ́sọ̀ irú laptop wọ̀nyí pààrọ̀, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ọ̀mọ̀wé_Kékeré

Àtúnṣe díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan nínú ìran keje wọ inú àkọsílẹ̀ Windows 11: i7-7820HQ. Nítorí Surface Studio 2, kọ̀ǹpútà Microsoft fúnra wọn, ni wọ́n ṣe fi í kún un. Ti àwọn Core X náà wọlé. Mo mọ̀ pé kò kan àǹtí, mi ò kàn fẹ́ ká kọ ohun tí kò pé.

Ohun kan wà tó lè kàn wọ́n ṣá. Microsoft ń fún àwọn tó ń lo Windows 10 nílé ní àtúnṣe ààbò títí di 13 oṣù Kẹwàá 2026, bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kò tíì dòkú, wọ́n lè rọra wá ọjà dáadáa. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, náà á sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ geere.

Wáyà_Ò_Parọ́

Linux fún ẹni tó ń ṣe ìwé owó fún oníbàárà tó ń fi fáìlì Excel ránṣẹ́? Ó ṣeé ṣe o, ṣùgbọ́n má dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn.

Àlòkù_Pọ́ńbélé

Ọ̀rọ̀ àlòkù ti délé mi wàyí. Ó pẹ́ tí mo ti ra laptop tuntun kẹ́yìn, mi ò sì rí ohun tó máa dá mi padà síbẹ̀.

Àwọn tó dáa jù láti rà ni èyí tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì: ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell, EliteBook ti HP. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń lo irú wọn fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ lọ́jà, tí ẹ̀yà wọn náà sì rọrùn láti rí. Ẹ ṣí ìdí wọn, skurúù lásán ni.

Ṣùgbọ́n torí pé ọ́fíìsì ni wọ́n ti wá, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ ohun kan wò tí ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò: ṣé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbà tì í pa. Àkọ́kọ́ ni páásíwọ̀ọ̀dù BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ BIOS lọ níṣojú olùtajà. Tó bá béèrè páásíwọ̀ọ̀dù tí olùtajà ò sì mọ̀ ọ́n, ẹ dìde. Ẹ̀kejì, níbẹ̀ náà, ẹ wá Absolute tàbí Computrace. Bí ó bá kọ Activated, ẹni àtijọ́ ṣì lè tì í láti ibi tó wà. Ẹ̀kẹta ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún, ìyẹn Windows Autopilot. Ẹ̀rọ náà á máa ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nu inú rẹ̀ tẹ́ ẹ sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ ilé-iṣẹ́ kan á yọ sójú súkíríìnì, tí yóò ní kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú í-meèlì òṣìṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ ní kí olùtajà tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú yín, kí Wi-Fi sì wà ní títàn. Ti MacBook, Activation Lock ni wọ́n ń pe tiwọn, kí ẹni tó ń tà á yọ Apple Account rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tí ìyẹn bá ti yọrí, ó ku ìlera rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò kọ ìwé kan sílẹ̀. Ẹ wo Design Capacity, ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, kẹ́ ẹ wá wo Full Charge Capacity, ohun tó lè gbà lónìí. Kò sí olùtajà tó lè fẹnu sọ pé "bátìrì ṣì dáa" lójú nọ́ńbà wọ̀nyí. Fún SSD, CrystalDiskInfo á sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ àti bí ìlera rẹ̀ ṣe kù sí. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíìbọ́ọ̀dù níkọ̀ọ̀kan, ẹ ki USB bọ gbogbo ihò rẹ̀, ẹ pe ẹnìkan lórí fídíò kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà àti gbohùngbohùn ń ṣiṣẹ́. Ìsopọ̀ ojú ṣájà ni kẹ́ ẹ mì díẹ̀. Tó bá ń gba iná tó tún ń kọ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ń bọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí "Grade A" tan yín. Kò sí àjọ kan tó dá òṣùwọ̀n yẹn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, olùtajà kọ̀ọ̀kan ló ń fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Tuntun_Nìkan

Gbogbo àyẹ̀wò yìí nítorí àlòkù? Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tuntun tó ní wáràńtì ló yẹ kó rà. Bí àlòkù bá kú lọ́jọ́ kejì, ta lẹ máa mú?

Àlòkù_Pọ́ńbélé

Tuntun wo? Laptop tuntun tí owó rẹ̀ bá ti àlòkù dọ́gba sábà máa ń jẹ́ RAM 4GB tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìpamọ́ eMMC 64GB. eMMC kì í ṣe SSD o, bí ìpolówó tilẹ̀ ń dọ́gbọ́n pè é bẹ́ẹ̀. 64GB yẹn sì ni ìwọ̀n tó kéré jù tí Windows 11 lè gbà. Bí Windows bá wọlé tán, àyè wo ló kù? Wáràńtì ò ní sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó yá.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin méjèèjì, ibì kan wà láàárín. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Apple, Dell àti Lenovo máa ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n dá padà fún wọn, tí àwọn fúnra wọn ti tún ṣe, pẹ̀lú wáràńtì. Ti Apple jẹ́ ọdún kan gẹ́gẹ́ bíi ti tuntun. Wọn kì í pọ̀ bíi ti àlòkù ọjà, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni á balẹ̀. Ọjà tí olùrà kan ṣí páálí rẹ̀ tó sì dá padà náà ń bẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ní àbùkù kan ju pé wọ́n ti já ọ̀rá rẹ̀ lọ.

Bí àlòkù bá sì ni, ẹ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì Dell, HP tàbí Lenovo. Wọ́n á sọ ọjọ́ tí wáràńtì rẹ̀ parí, tàbí bóyá ó ṣì kù. Mo ti rí àlòkù tí wáràńtì rẹ̀ ṣì kù ju ọdún kan lọ tí olùtajà gan-an ò mọ̀.

Àríkẹ́_Atẹ̀wé

Ẹ ṣeun púpọ̀. i7 ti kúrò lọ́kàn mi. N óò béèrè ìwé bátìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta i5.

Díìskì àgbéká ńkọ́? Mo rí SSD kékeré kan tó gba 16TB, owó rẹ̀ ò tó ti fláàṣì méjì. Ìràwọ̀ rẹ̀ dáa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yìn ín. Ṣé kí n mú un kó tó tán?

Wáyà_Ò_Parọ́

Áà! Ẹ fi sílẹ̀! Ayédèrú pátápátá.

Ọ̀mọ̀wé_Kékeré

Kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àǹtí. Tẹ́ ẹ bá tú u, káàdì microSD kékeré kan ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Wọ́n ti yí sọ́fúwíà rẹ̀ padà kó lè purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé 16TB ni òun. Ẹ óò máa kó fáìlì sí i, yóò máa gbà á, kò ní ṣàròyé kankan. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Orúkọ fáìlì á ṣì wà níbẹ̀, ohun inú rẹ̀ á ti lọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ìwé owó oníbàárà lẹ óò tó mọ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, kódà tó bá jẹ́ ojúlówó lójú, ẹ dán an wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Lórí Windows, H2testw á kọ nǹkan kún un bámúbámú, á sì tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé. Ó máa ń gba wákàtí púpọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lórí Mac àti Linux, F3 ni. Bí ẹ bá ń kánjú, ValiDrive á yẹ ibi díẹ̀díẹ̀ wò káàkiri díìskì náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ti ìràwọ̀ yẹn, ẹ ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ. Ẹ óò rí i pé àwọn kan ń yin aṣọ fóònù tàbí àtùpà. Olùtajà ti gba ojú-ewé ọjà mìíràn, ó pààrọ̀ àwòrán rẹ̀, ó fi ìyìn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Fakespot tí a fi ń yẹ irú èyí wò tẹ́lẹ̀ sì ti kógbá wọlé ní 2025.

Bíọ́dún_K

Ọ̀rọ̀ ayédèrú yìí bá mi lára mu. Èmi náà ra díìskì 1TB, ìgbà tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, 931GB ni mo rí. Mo ti ń bá olùtajà jà láti àná. Ṣé kí n dá a padà?

Ọ̀mọ̀wé_Kékeré

Ẹ tú u sílẹ̀ o, bùrọ̀dá, kò jí nǹkan yín. Ẹni tó ṣe díìskì ń ka 1TB sí 1,000,000,000,000 byte. Windows ń fi 1,024 ṣe ìpín tirẹ̀, ó wá kọ GB sí i lára. 931 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ Mac, 1TB ni yóò pè é.

Bíọ́dún_K

Ha. Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ n tètè lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Tóbi

Àríkẹ́, má tilẹ̀ tíì náwó lórí díìskì. Ẹ̀rọ rẹ àtijọ́ yẹn ní díìskì nínú, àbí? Bí SSD bá ni, yọ ọ́, ra páálí USB tí wọ́n ń ki irú rẹ̀ sí, owó kékeré ni. O ti ní díìskì àgbéká nìyẹn. Ṣáájú kó o tó ra páálí, wò ó bóyá 2.5 inch ni tàbí M.2. Tó bá sì jẹ́ M.2, béèrè bóyá SATA ni tàbí NVMe (ọ̀nà méjì tí díìskì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀), torí pé páálí ọ̀kan lè má gba èkejì.

Tuntun_Nìkan

Kí ohun ìpamọ́ kan ṣoṣo tí ènìyàn ní jẹ́ díìskì ọlọ́dún gbọọrọ? Iṣẹ́ oníbàárà ni wọ́n pè é o. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà mìíràn wà níbòmíràn.

Ìyá_Tóbi

Èyí tó o sọ yìí, mo fara mọ́ ọn. Kí ó wà lórí ìkànnì ìpamọ́ kan náà.

Oníṣẹ́_Ìbòjú

Kò sẹ́ni tó tíì dá wọn lóhùn lórí mọ́nítọ̀, ẹ jẹ́ n bá wọn sọ ọ́. Mọ́nítọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí mo lè gbà kí ẹnikẹ́ni ra ní àlòkù láìjanpata. Kò ní bátìrì, kò ní nǹkan tó ń yí nínú, ọ́fíìsì sì ń kó wọn dànù nígbà tí wọ́n ṣì dáa. Fún ìwé àti ìṣirò, 24 inch tó jẹ́ 1920×1080, panẹ́ẹ̀lì IPS (irú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́), ti tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 27 inch, ẹ wá 2560×1440, torí 1080 lórí rẹ̀ á mú kí etí lẹ́tà má dán. Ẹ gbé àwọ̀ funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹyọ àmì kékeré (pixel) tó kú á hàn. Ẹ wo igun rẹ̀ nínú òkùnkùn bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò.

Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ihò wáyà wà, ṣe pàtàkì ju ojú rẹ̀ lọ. Àwọn àtijọ́ kan VGA àti DVI nìkan ni wọ́n ní, laptop yín sì lè má rí ibi so ó mọ́. HDMI tàbí DisplayPort ni kẹ́ ẹ béèrè. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní USB-C tó ń fún laptop ní iná, ẹ̀kún owó díẹ̀ lórí ìyẹn ò burú, wáyà kan ṣoṣo ni yóò máa gbé àwòrán àti iná.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta wáyà HDMI olówó gọbọi fún yín. Góòlù tí wọ́n fi ra ẹnu rẹ̀ ò ní mú kí lẹ́tà yín mọ́lẹ̀ sí i. Fún mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì, High Speed lásán ti tó. Ẹni tó ń gbá eré orí kọ̀ǹpútà ní 4K lórí 120Hz ló nílò Ultra High Speed, kí ó sì rí i pé àmì ìdánilójú tí a lè fi fóònù yẹ̀ wò wà lára páálí rẹ̀.

Wáyà_Ò_Parọ́

Kí n fi ti wáyà USB-C kún un. Ìrísí ẹnu rẹ̀ lásán ni wọ́n ń pè ní USB-C, kò sọ ohun tó lè gbé. Òmíràn ń gbé iná wáàtì 60, òmíràn 240. Òmíràn sì wà tó jẹ́ iná nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé dáadáa, dátà rẹ̀ jẹ́ ti USB 2.0, 480Mbps. Tẹ́ ẹ bá fi irú ìyẹn so SSD, ẹ óò rò pé SSD ló ń rìn bí ìgbín. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára.

Ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà orí tábìlì: ẹ lè ṣọ́wó lórí àpótí rẹ̀, ẹ má ṣọ́wó lórí PSU, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún un nínú. Tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ PSU tó ṣeé tú wáyà rẹ̀, ẹ má lo wáyà ti àtijọ́ fún tuntun, bó tilẹ̀ wọ ihò rẹ̀. Kò sí òfin kan tó so ìtò wọn pọ̀, ó lè jó díìskì yín.

Abẹ́rẹ́_Bọ́_Sómi

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ńkọ́? Mo rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ kéré gan-an.

Oníṣẹ́_Ìbòjú

Ẹ béèrè owó yíǹkì kẹ́ ẹ tó béèrè owó ẹ̀rọ. Ẹ pín in sí iye ojú ìwé tí wọ́n ní ó lè tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ púpọ̀, èyí tí a ń da yíǹkì sí bíi táǹkì ni, ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n ṣùgbọ́n owó yíǹkì rẹ̀ kéré. Dúdú nìkan? Ẹ ra lésà.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ

Ó ku ọ̀rọ̀ owó sísan. Olùtajà tó bá ní kẹ́ ẹ jáde kúrò lórí ìkànnì tẹ́ ẹ ti pàdé, pé òun máa yọ nǹkan fún yín tẹ́ ẹ bá san án tààrà, ààbò yín ló fẹ́ kẹ́ ẹ yọ. Bákan náà ni ẹni tó ní kẹ́ ẹ san án ní Friends and Family lórí PayPal. Owó tẹ́ ẹ bá fi ọ̀nà yẹn san kò sí lábẹ́ ààbò olùrà. Ẹ tún wo ohun tí olùtajà ti tà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tó wá ṣàdédé gbé laptop ogún jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí àkáǹtì rẹ̀.

Àlòkù_Pọ́ńbélé

Èmi ò tilẹ̀ gbà kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ojúkojú, ibi tí èrò wà, tí iná wà, kí n fọwọ́ kàn án.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ

Tẹ́ ẹ bá ti fowó lé e lọ́wọ́ tán, ta ló máa dá a padà fún yín tó bá kú lálẹ́? Tèmi ni kí owó gba orí ìkànnì, kẹ́ ẹ tún pàdé.

Àríkẹ́_Atẹ̀wé

Olùtajà i5 ti fi ìwé bátìrì ránṣẹ́. Design Capacity 48,000 mWh, Full Charge Capacity 31,000 mWh. Ihò RAM rẹ̀ méjì, ọ̀kan ṣófo. BIOS ò ní páásíwọ̀ọ̀dù, ó ní òun máa tún Windows tò níṣojú mi. Ṣé bátìrì yìí ṣì ṣeé mú?

Àlòkù_Pọ́ńbélé

Ó ku bí ìdá 65 nínú 100. Kò tíì burú fún ẹni tó máa ń jókòó sídìí iná, àmọ́ ó ti tó ohun tẹ́ ẹ lè fi ná an. Ẹ wá iye tí bátìrì tuntun rẹ̀ ń lọ, ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò nínú owó laptop. Tó bá ní òun ò lè yọ gbogbo rẹ̀, ẹ gba ìdajì, kẹ́ ẹ sì béèrè èènì, ṣájà tàbí àpò.

Wáyà_Ò_Parọ́

Ihò kan ṣófo? Ọ̀ràn ti tán. Ẹ ra 8GB DDR4 SODIMM (RAM kékeré ti laptop) àlòkù kan sí i. RAM kì í tètè bàjẹ́, àlòkù rẹ̀ ò léwu. Ẹ fi MemTest86 dán an wò mọ́jú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi sí i. Ẹ má ra DDR5 o, kò ní wọ ibẹ̀.

Àríkẹ́_Atẹ̀wé

Ó yọ ìdajì owó bátìrì, ó sì fi àpò ṣe èènì. Ọ̀la la máa pàdé, orí ìkànnì ni n óò ti sanwó. Mọ́nítọ̀ ni n óò fi sílẹ̀ di oṣù Kọkànlá, SùúrùLérè, ẹ ti rí mi mú.

SùúrùLérè

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!

Wáyà_Ò_Parọ́

Àǹtí, ẹ wo ara ṣájà tó bá gbé wá. Wáàtì 65 ló yẹ kó kọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yẹn. Bó bá jẹ́ 45, á máa gba iná díẹ̀díẹ̀ ni, òmíràn á tilẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sójú súkíríìnì ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án.